Ajẹ́ǹtì ní ká gé ọjọ́ orí ọmọ wa kó lè wọ Golden Eaglets. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó fèsì fún bàbá àwọn ọmọ.

Ọmọ mi ọkùnrin, 2010 ni mo bí i, SS1 ló wà. Bọ́ọ̀lù ló ń jẹ, bọ́ọ̀lù ló ń mu, ẹsẹ̀ òsì ló sì fi ń gbá a. Níbi ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan, ọkùnrin kan wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ní ajẹ́ǹtì lòun, pé òun mọ àwọn tó ń yan ọmọ sínú Golden Eaglets, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ. Ó ní ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ ó ti dàgbà jù. Ọmọ ọdún 15! Ó ní ká lọ búra ní kóòtù pé 2012 la bí i, ká tún ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe, ká wá mú ₦400,000 wá kí òun lè bá wa rìn ín.

Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ gbà. Ó ní ife àgbáyé márààrún tí Nàìjíríà gbà yẹn, ṣé ọmọ ọdún 15 ló gbá a ni? Ó ní bí àwa ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é, wọ́n á sì gba ipò ọmọ wa. Ara mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bá a jiyàn, torí mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bọ́dà Aládùúgbò
₦400,000 kẹ̀? Ìyá wa, ẹ sá o.

Eaglets Lọ́kàn Mi
Ẹ kọ́kọ́ bá mi kìlọ̀ fún bàbá ọmọ, kó má ba orúkọ àwọn ọmọ yẹn jẹ́. Mo ti ń tẹ̀ lé Eaglets láti ọdún 1985, nígbà tí ìdíje náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà, tó ṣì jẹ́ ti àwọn tí kò ju ọdún 16 lọ. A na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 2-0 ní Beijing, àwa la sì di ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á. Ọdún 1993, Jàpáànù: Kanu, Oruma, Babayaro wà níbẹ̀, a na Gánà ní 2-1. 2007, Kòríà Gúúsù: àwa àti Sípéènì gbá a lọ sí pẹnáritì, àwọn ọmọ Sípéènì ò sì rí ẹyọ kan gbá wọlé. Àìsàn jẹjẹrẹ ti ń bá kóòṣì Yemi Tella fínra nígbà yẹn, oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú. Olúwa kó fọ̀run kẹ́ ẹ. 2013, a na Mẹ́síkò ní 6-1 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, a tún pàdé wọn ní àṣekágbá, a fi 3-0 bò wọ́n. 2015, Ṣílè: góòlù mẹ́wàá ni Osimhen nìkan gbá wọlé, a na Màlì ní àṣekágbá.

Ife márùn-ún. Bràsíìlì tí gbogbo ayé ń wárí fún, mẹ́rin ni tiwọn. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní márùn-ún.

Alátakò
@Eaglets Lọ́kàn Mi, ẹ ka tibi, ẹ ò ka tọ̀hún. Kí ló dé tí Nàìjíríà kò sí nínú ìdíje 1991? FIFA ló fòfin dè wá ọdún méjì láti 1989, torí ọjọ́ ìbí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan fi sílẹ̀ níbi Òlíńpíìkì 1988 yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ rí. Kì í ṣe ìyẹn nìkan, ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò ju ogún ọdún lọ ní 1991 tó yẹ ká gbàlejò, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n gbé e fún Pọ́túgàl. Nítorí náà, bàbá ọmọ ò purọ́ tán.

Eaglets Lọ́kàn Mi
Mi ò sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Mo ní kì í ṣe ọjọ́ orí gígé ló gba ife fún wa.

Alátakò
Ẹ fi ẹ̀rí hàn.

Kóòṣì Pápá Eléruku
Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu yín, torí ẹ̀rí wà, òun gan-an sì ni ìyá nílò láti fi dá ọkọ wọn lóhùn.

Ní 2009, tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje náà, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ MRI. Wọ́n á ní kí ọmọ dọ̀bálẹ̀, kó na apá síwájú, ẹ̀rọ á wá ya àwòrán ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ egungun apá tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni egungun ti ń dàgbà. Bí ibẹ̀ bá ti dì pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé olúwa rẹ̀ ti lé ní ọdún 17. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ti wà ní ibùdó ìgbaradì wa ni àyẹ̀wò yẹn lé jáde kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó yege àyẹ̀wò náà ló gbá a dé àṣekágbá ní Abuja, tí Switzerland fi góòlù kan ṣoṣo na wá. Lẹ́yìn MRI la tún gba ti 2013 àti ti 2015. Ẹ sọ ìyẹn fún bàbá ọmọ.

Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé MRI lè má mú ọmọ yín, torí egungun ọmọ ọdún 15 kò tíì dì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Ìwé ló máa mú un. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ bá mi ṣírò nǹkan méjì.

Àkọ́kọ́, kí la fẹ́ gé? Àwọn tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009 ló lè gbá ìdíje ti 2026. Ti 2027, láti 2010. Láti 2025 sì ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọdọọdún ní Kátárì, orílẹ̀-èdè 48 ló ń kópa, mẹ́wàá nínú wọn sì jẹ́ ti Áfíríkà. Tẹ́lẹ̀, ọdún méjì méjì ni, mẹ́rìnlélógún péré. Ọjọ́ ìbí tí Ọlọ́run fún ọmọ yín bá ọdún méjèèjì mu. Ẹni tó ní ó ti dàgbà jù, yálà kò mọ òfin, tàbí ó mọ̀ ọ́n tó ń wá ohun tó máa tà fún yín.

Ìkejì, èyí tí àwọn òbí kì í rò rárá. Òfin FIFA kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù ti orílẹ̀-èdè kan kọjá sí òmíràn kó tó pé ọdún 18, àfi àwọn àyè díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Bí ẹ bá kọ 2010, ọdún 2028 ló pé 18. Bí ẹ bá kọ 2012, ó di 2030. Ẹ ti fi owó yín ra ìdúró ọdún méjì fún un nìyẹn, ní àsìkò tó yẹ kó máa lọ.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì
Há! Kóòṣì, mi ò ronú kan ibẹ̀ rárá. Ẹ ṣeun gan-an, sà.

Ọmọ Ìyá Agbábọ́ọ̀lù
Ohun tí kóòṣì sọ yìí ṣẹlẹ̀ nílé wa. Wọ́n gé ọdún mẹ́rin kúrò lára àbúrò mi. Nígbà tó pé 18 gan-an, 14 ni ìwé ń sọ. Ó jókòó sílé títí ó fi di ẹni ọdún 22 kó tó lè jáde. Ẹgbẹ́ tó gbà á lókè òkun máa ń gé kéèkì fún un lọ́jọ́ ìbí inú ìwé, a ó sì máa wò ó lórí fọ́tò, kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sí i. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, màmá wa á pè é láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n á rọra gbàdúrà fún un, torí ó ń gbé yàrá pẹ̀lú ẹnìkejì. Ẹgbẹ́ tó tóbi ju ìyẹn fẹ́ rà á nígbà tó yá. Wọ́n rí èsì WAEC rẹ̀, ọjọ́ ìbí tòótọ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Àǹtí Olùkọ́
Mo fẹ́ fi kún èyí. Ọmọ tó wà ní SS1 ti ṣe ìdánwò àṣejáde JSS3, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ó wà nínú NIN bó bá ti ní in. Ó máa tún wà nínú WAEC àti JAMB. Mélòó lẹ fẹ́ tún ṣe? Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin sì ni ìbúra èké ní kóòtù, ẹ̀yin òbí lẹ máa fọwọ́ sí i, kì í ṣe ajẹ́ǹtì.

Bọ́dà Aládùúgbò
Àǹtí ti pa á.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì
Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Osimhen ńkọ́? Ṣé kì í ṣe Eaglets ló gbé e jáde?"

Eaglets Lọ́kàn Mi
Òun ni! Ọmọ Olúsósùn tó ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀ l'Ékòó. Ó gba líìgì Ítálì pẹ̀lú Napoli ní 2023, ọdún yẹn náà ló di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà.

Alátakò
Ta ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Ṣílè 2015? Kì í ṣe Osimhen. Kelechi Nwakali, balógun wọn ni. Arsenal rà á, wọ́n ń yá a fún ẹgbẹ́ yìí àti ẹgbẹ́ yẹn títí ó fi kúrò níbẹ̀, kò gbá líìgì fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Macauley Chrisantus tó gbá góòlù wọlé jù ní 2007, góòlù méje, ó lọ sí Hamburg, ẹ bi ọmọ yín bóyá ó mọ orúkọ rẹ̀. Sani Emmanuel ti 2009 náà gba ẹ̀bùn tó ga jù. Okocha ní tiẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló gbà: ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lọ kí ní Jámánì ní 1990, ó bá wọn dánra wò, wọ́n mú un.

Eaglets Lọ́kàn Mi
Lórí èyí, mo gbà fún yín. Kanu àti Iheanacho náà wà o, ṣùgbọ́n mo gbà fún yín.

Kóòṣì Pápá Eléruku
Ìyá, ohun tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ ọmọ mi nìyí. Màá fi í sínú akadẹ́mì tó ń kópa nínú ìdíje gidi, tí ìwé rẹ̀ mọ́, tí kò ní dí WAEC lọ́wọ́. Àwọn tó ń yan ọmọ máa ń wá wo ìdíje. NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ti kéde rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí kí ọmọ tó wá dánra wò. Ẹgbẹ́ náà gan-an kò sì rí ìdíje 2023 àti 2025 wọ̀, ẹ ò lè gbé ọjọ́ ọ̀la ọmọ lé orí rẹ̀ nìkan.

Ní ti ajẹ́ǹtì, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kí FIFA tó fún un níwèé àṣẹ. Orúkọ àwọn tó ní in wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA, kò sì gbọdọ̀ tọ ọmọdé lọ láìsí ìwé ìyọ̀ǹda òbí. Ẹ bi í ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì
Ẹ wá gbọ́ o. Kí n tó pè é, òun ló pè mí. Ó ní òun ti bá wa bẹ̀ wọ́n, ó ti di ₦250,000, àmọ́ ká san án kí Sátidé tó pé. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́ńbà ìwé àṣẹ FIFA yín?" Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, òun ò gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo tún un sọ. Ó gé fóònù.

Bàbá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fóònù sì wà lórí sípíkà.

Bọ́dà Aládùúgbò
Kí ni wọ́n wá sọ?

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Òsì
Wọ́n ní kí n bi kóòṣì pé akadẹ́mì wo ló dáa.