Ẹni tó ni ajá ló ṣòroó yà ju ajá lọ

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, àwọn tó ń fẹ́ kí n ya àwọn àti ajá wọn pọ̀ sì ti wá ń pọ̀ sí i. Níwọ̀n ìgbà tí àwa oníṣẹ́ fọ́tò ti ń sọ ohun tójú wa ń rí nídìí yíya ajá, èmi náà á sọ tèmi: ajá kì í yọ mí lẹ́nu tó ẹni tó ni ín. Ajá ò mọ̀ pé fọ́tò là ń yà. Olówó ẹ̀ ló mọ̀, òun ló ń gan, tó ń na ọrùn, tó ń fi ìjáyà tiẹ̀ ran ẹran.

Màmá kan wà ní Bódìjà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí n lọ ya wọ́n pẹ̀lú ajá wọn, ajá ìbílẹ̀ dúdú, irú èyí tí ará àdúgbò máa ń pè ní Bíńgò láì béèrè orúkọ ẹ̀. Tanímọ̀la lorúkọ tiẹ̀. Ó ti dàgbà, irun ẹnu ẹ̀ ti funfun. Nígbà tí mo débẹ̀, Màmá ti ró aṣọ òkè, wọ́n wé gèlè, wọ́n jókòó bí ẹni tó fẹ́ jẹ oyè, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Wọ́n fi ṣéènì fa ajá mọ́ ẹsẹ̀. Ajá ń yán, ó ń fi ahọ́n lá imú, ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú títí funfun ẹyinjú ẹ̀ fi hàn. Ẹni tí kò mọ ajá á ní oorun ló ń kùn ún. Ẹ̀rù ló ń bà á.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀."

"Á sá lọ o."

"Kò ní sá, mà."

Mo pa gbogbo iná tí mo gbé wá, a bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò ti kàn wá tààrà. N kì í fẹ́ lo fláàṣì fún ajá. Ohun kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ pa dà, òun ló fi ń ríran lóru, òun náà ló ń jẹ́ kí ojú ẹ̀ máa tàn yòò nínú fọ́tò. Mo dùbúlẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀ kí kámẹ́rà lè bá ojú ẹ̀ dọ́gba, mo sì jẹ́ kó wá gbóòórùn lẹ́ǹsì fúnra ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ sísè wà lápò mi.

Ajá dúdú ní wàhálà tiẹ̀. Tí dúdú bá kún ojú kámẹ́rà, á rò pé òkùnkùn ni, á mú un mọ́lẹ̀ jù, irun ajá á di àwọ̀ eérú. Mo máa ń dín ìmọ́lẹ̀ yẹn kù, màá wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kí irun lè dán. Ti Lhasa funfun, ajá kékeré onírun gígùn, lórí ẹsẹ̀ ẹni tó dúdú ló le jù: irun ajá ni mò ń ṣọ́ kó má funfun jù débi tí kò ní hàn mọ́, màá fi pátákó funfun da ìmọ́lẹ̀ sójú olówó ẹ̀. Láyé fíìmù, káàdì tó ní àwòrán òyìnbó obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni iléeṣẹ́ fíìmù Kodak fi ń díwọ̀n àwọ̀, kì í ṣe àwọ̀ dúdú bíi tiwa; ẹ wo bí ojú ṣe ṣókùnkùn nínú fọ́tò àwọn bàbá wa, ẹ ó rí ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Imú ajá sì gùn. Tí mo bá ṣí lẹ́ǹsì jù, ojú á hàn kedere, imú á rí bàìbàì. F/5.6, ṣíṣí tó mọ níwọ̀n, ni mo sábà máa ń lò, kámẹ́rà á sì gba ìmọ́lẹ̀ wọlé fún ìdá 1/500 ìṣẹ́jú àáyá péré.

Tanímọ̀la dìde, ó lọ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ìró Màmá.

"Tanímọ̀la! O ò rí i pé aṣọ òkè ni? Ta ló máa bá mi fọ̀ ọ́?"

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ mú, gèlè yẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn. Mo tẹ kámẹ́rà. Màmá ní dandan ni kí n ya ti àga náà, mo sì yà á. Èyí wà ní pálọ̀ fún àlejò, ti gèlè tó yẹ̀ wà ní yàrá wọn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń dùn bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú Boerboel, ajá ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé, wá, ó fẹ́ kí ajá fi eyín hàn, ó wá ní kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa fi igi tọ́ ọ. Mo kó kámẹ́rà mi sápò. N kì í bẹ̀rẹ̀ láì rí káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò ní kí ajá má gé èèyàn jẹ. Ó ní òun ti sanwó. Mo dá gbogbo owó ẹ̀ pa dà fún un.