Ọmọ mi ṣubú lórí kajú tí ìyá ọkọ mi sá, wọ́n tún ní èmi ni mi ò mọ ọmọ tọ́

Ìyá Dáre (ẹni tó béèrè):
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n má baà ṣi ẹnu sọ nílé ọkọ. Láti ìgbà tí kajú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ni ìyá ọkọ mi ti gba gbogbo iwájú ilé. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí kànga, kóró kajú ni wọ́n sá sórí sìmẹ́ńtì. Mo ní, "Màmá, ọmọ kékeré wà nílé o, ẹ fi ojú ọ̀nà díẹ̀ sílẹ̀ fún wa." Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí kajú àwọn bu ni. Ọkọ mi wà ní Ọbájànà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé. Tí mo bá pè é, á ní kí n ní sùúrù, ìyá òun ni. Sùúrù náà ni mo ń ní láti ọjọ́ tí mo ti wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ àná, Dáre ń lé òròmọdìẹ, ó tẹ kóró kajú, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, ó fi iwájú orí gbá etí àtẹ̀gùn. A gbé e dìde, kókó ti yọ níwájú orí tó ẹyin àdìẹ. Màmá na ilẹ̀ fún un, "Ta ló na ọmọ mi? Ilẹ̀ ni! Ilẹ̀, o ò dáa!" Ìyẹn ò bí mi nínú, ọmọ náà tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àfi bí wọ́n ṣe gbé omi kaná. Aṣọ gbígbóná ni wọ́n fi ń jó kókó yẹn, ọmọ ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Wọ́n tún bu òrí, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè wọlé. Mo ní omi tútù ni wọ́n ń lò. Wọ́n ní ta ló tọ́ ọkọ mi dàgbà?

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ yìí, kókó ò wọlé, àwọ̀ ẹ̀ ti dà bí aró. Èyí tó wá dùn mí jù: wọ́n fún un ní àkàrà, ó fi ọwọ́ òsì gbà á, wọ́n gbá a lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí ìyá ẹ ń kọ́ ẹ nìyẹn. Ọmọ tí kì í fi òsì jẹun! Láti òru ló ti ń rojú, tí n bá fẹ́ wọ ẹ̀wù fún un á figbe ta, wọ́n ní mo ti kẹ́ ẹ bà jẹ́.

Ìbéèrè mi ni pé gbígbóná ni àbí tútù? Mo fẹ́ ka èsì yín sí wọn létí.

Ìyá Ìbejì Lọ́kọ́ja:
Tútù ni, tútù ni, tútù ni. Èmi tí mi ò ní iná tó ń dúró, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja tútù ni mo ti ń ra pure water tó dì. Mo máa ń fi aṣọ wé e, mi ò jẹ́ gbé e lé awọ ara bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé mi fi ẹnu gbá bẹ́ǹṣì lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ kún àyà ẹ̀wù, mo ti ń wá eyín nílẹ̀. Àṣé awọ tín-ín-rín tó wà lábẹ́ ètè òkè ló ya. Mo fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ títí, ó dá. Ní ọjọ́ kẹta ó ń jẹ iyán. Ẹnu ọmọdé máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ju bí ọgbẹ́ ṣe tó lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ìyá Dáre, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí n tó dáhùn: ọmọ oṣù mélòó ni? Ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀, àbí ó kọ́kọ́ dákẹ́? Ṣé ó ti bì? Ṣé ó ń ṣeré bó ṣe máa ń ṣeré?

Bàbá Ẹ̀bùn:
Ẹ̀yin obìnrin òde òní. Ìyá ọkọ yín gbé omi kaná fún ọmọ ọmọ ẹ̀, ẹ gbé e wá síta gbangba. Òrí tí ẹ ń wí yẹn la fi pa gbogbo wa lára.

Ìyá Dáre:
Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ ò mọ ohun tí ojú mi ń rí. Ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo gbá ojú ọ̀nà fún ọmọ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n tún dà á pa dà. Mi ò bú wọn rí. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, mo ti ka tiyín fún wọn, wọ́n ní kí n kí yín.

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ má jẹ́ kó sùn o! Ọmọ tó bá fi orí gbálẹ̀, tó bá sùn, ó lè má jí. Ẹ bu omi sí i lórí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ìyá Bọ́lá, ẹ má dẹ́rù bà á. Ọmọ tó ti ké tán lè sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Kí wọ́n kàn máa wò ó, kí wọ́n rí i pé ó ń mí dáadáa, pé tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, á mira tàbí kó kùn. Èyí tó ń bani lẹ́rù ni ọmọ tó ń tòògbé lásìkò tí kì í sùn, tí wọ́n jí tí kò jí. Tàbí tó ń bì léraléra, tí gìrì mú, tó dákú, tí omi funfun tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí tàbí imú ẹ̀, tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ, tó ń rìn bí ọ̀mùtí. Ẹ má dúró béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa nígbà náà, ilé ìwòsàn ni. Kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ méjì.

Ti kókó: ẹ̀jẹ̀ ló jáde sábẹ́ awọ. Awọ iwájú orí fẹ́lẹ́, egungun ló wà lábẹ́ ẹ̀, kò síbi tí ẹ̀jẹ̀ máa gbà, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ gọnbọ. Omi gbígbóná àti títẹ̀ á mú ẹ̀jẹ̀ sí i jáde ni. Ohun tútù tí ẹ fi aṣọ wé, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún gbé e pa dà lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì. Tí ọmọ bá ń jà, ẹ gbé e sẹ́sẹ̀ kẹ́ ẹ máa sọ ìtàn ìjàpá fún un, ìṣẹ́jú mẹ́ta náà dáa ju òfo lọ. Àwọ̀ aró yẹn á di ewéko, á di òfééfèé, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìpéǹpéjú, ẹ má fòyà. Parasítámọ́ọ̀lù olómi lẹ lè fún un, bí ìwọ̀n ara ẹ̀ ṣe wà lára páálí. Ẹ má fún un ní asipirín láé. Ẹ má sì fi báàmù tó ń ta pa á lójú.

Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

Ìyá Dáre:
Ẹ má bínú, mà. Ọdún méjì kù oṣù méjì. Ó ké lójú ẹsẹ̀, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Kò bì. Ṣé ẹ ti rí i pé mo sọ bẹ́ẹ̀, pé gbígbóná kọ́? Màmá wà níbí, wọ́n ń gbọ́.

Ìyá Ìbejì Lọ́kọ́ja:
Ẹ bá mi kí Màmá pa dà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ń ra kajú ti dé Kàbà o.

Alákàrà Mọ́pà:
Ẹ dákẹ́ ná. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Dáre, ọmọ tí kì í fi òsì jẹun, kí ló dé tó fi òsì gba àkàrà láàárọ̀ yìí? Ọwọ́ ọ̀tún ń kọ́?

Ìyá Dáre:
Ó wà níbẹ̀. Kò wú, kò bó. Orí ló fi ṣubú, kì í ṣe ọwọ́.

Alákàrà Mọ́pà:
Ẹ fi bisikíìtì sí apá ọ̀tún ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ má di òsì mú fún un o, ẹ kàn wò ó.

Ìyá Dáre:
Mo ti ṣe é. Ó yí gbogbo ara, òsì ló fi na. Ọ̀tún rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ká a díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí itan. Mo fọwọ́ kàn án, ó figbe ta. Ṣé orí tó gbá ló kan ọwọ́ ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ta ló gbé e nílẹ̀ lánàá? Báwo ló ṣe gbé e?

Bàbá Ẹ̀bùn:
Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Ọ̀kan wà ní Ìsánlú tó to ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ọparun dì í, títí dòní ó ń gun ọ̀kadà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí ọwọ́ tí wọ́n fi ọparun dì pinpin tí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ọmọ ìka, tó di pé wọ́n gé e. Ọmọ ọdún méjì la ń sọ.

Bàbá Ẹ̀bùn:
Ṣé ilé ìwòsàn náà kì í gé e? Àwọn bàbá wa ń to egungun kí oyìnbó tó dé.

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ lọ jà. Ìyá Dáre, wọ́n bi yín léèrè.

Ìyá Dáre:
Èmi ni.

Mo wà lórí fóònù pẹ̀lú bàbá ẹ̀, à ń fa ọ̀rọ̀ kajú kan náà, fóònù wà lọ́wọ́ òsì mi. Bó ṣe ṣubú, inú bí mi sí Màmá, mo kàn gbá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mú, mo fà á yọ nílẹ̀ pátápátá. Mo gbọ́ tí nǹkan dún kó. Mo rò pé kajú ni mo tẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó jọ pé ìgunpá ẹ̀ ló yẹ̀. Láàárín ọdún kan sí mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù: iṣan kan wà tó yí orí egungun ká níbi ìgunpá bí òrùka, kò tíì le lára wọn. Tí a bá fi ọwọ́ kan fa ọmọ sókè, tàbí tí a di ọwọ́ ẹ̀ mú fì í yí ká bí a ṣe máa ń bá wọn ṣeré, egungun á yọ díẹ̀ nínú òrùka yẹn. Kì í sábà wú, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń rò pé ọmọ ń ṣe àkẹ́bàjẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dá a pa dà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ó ṣubú pẹ̀lú, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá egungun ò ṣẹ́. Ẹ má fà á, ẹ má jó o, ẹ má fi òrí pa á. Ẹ fi ìborùn gbé ọwọ́ náà kọ́ ọ lọ́rùn bó ṣe wà, kẹ́ ẹ máa lọ. Kí wọ́n wo orí náà níbẹ̀.

Alákàrà Mọ́pà:
Àbúrò mi lèmi bá fa tiẹ̀ nígbà tí mo gbé e sọdá gọ́tà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń nà án pé ó ń ya òsì. Mi ò tíì dárí ji ara mi.

Ìyá Dáre (ní alẹ́):
A ti dé láti Kàbà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní egungun ò ṣẹ́, orí ẹ̀ náà ò ṣe nǹkan kan. Ó di ìgunpá ẹ̀ mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó ká ọwọ́ sókè, ó dún tó. Dáre ké lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ká jókòó síta. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi ọ̀tún já gèlè Màmá.

Màmá ló gbé e lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀kadà, lílọ bíbọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Bí a ṣe délé ni wọ́n gbé ìgbálẹ̀, wọ́n gbá gbogbo kajú kúrò níwájú ilé, wọ́n kó o lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ní kajú àwọn ló ṣe ọmọ báyìí, pé kí n má bínú.

Ìyá Ìbejì Lọ́kọ́ja:
Ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ fà á, àbí?

Ìyá Dáre:
Mo ka gbogbo èsì yín fún wọn láàárọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni mi ò kà.

Bàbá Ẹ̀bùn:
Ìyá Dáre!

Ìyá Dáre:
Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.