Ṣé dandan ni kí wọ́n tún irúgbìn bíìtì ṣúgà (ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ṣúgà) yẹ̀ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ohun ìbora bo hóró rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa òfin irúgbìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mò ń ka òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí títa irúgbìn bíìtì, 2002/54. Ó ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó irúgbìn, kí omi inú rẹ̀ má sì kọjá ìdá 15. Ìyẹn yé mi.

Ọ̀rọ̀ híhù ló rú mi lójú. Irúgbìn tí hóró kan rẹ̀ máa ń hu ẹyọ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ hù tó ìdá 80. Èyí tí wọ́n ṣètò fún ẹ̀rọ ìgbìn, ìdá 75. Tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó bò ó, ṣé àbájáde yẹn ṣì tó? Mo bèèrè nítorí pé ohun ìbora tó bá le jù lè dí omi lọ́wọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù láti ọdún tó kọjá náà ńkọ́? Ṣé lébẹ̀ẹ̀lì búlúù ara àpò rẹ̀, ìyẹn àmì pé wọ́n ti fọwọ́ sí irúgbìn náà, ṣì dúró, àbí àyẹ̀wò tuntun ló kù? Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò irúgbìn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.