Ọjọ́ tí bẹ́líìtì Corolla mi já, tí mo pààrọ̀ ẹ̀ fúnra mi nílé

Awakọ̀ Mọ́níyà

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ní ká sọ ohun tójú wa rí nídìí mọ́tò, tèmi rèé. Corolla 2005 ni mo ń wà, fáàn bẹ́líìtì ẹ̀ ti ń han láti bí oṣù méjì, pàápàá láràárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, á máa ké fíííín bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ pé mo ń jáde. Mẹkáníìkì mi ní kò sí nǹkan kan, ó mú ọṣẹ ìfọṣọ ó fi ra á lára, ariwo dákẹ́ fọ́jọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kẹrin ó tún gbé e dé. Èmi náà lọ ra ọṣẹ tèmi sínú bọ́ọ̀tù, mo wá sọ ọ́ di iṣẹ́ àràárọ̀.

Lọ́jọ́ tó máa já, Ọ̀jọ́ọ̀ ni mo ti ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo kàn gbọ́ gbàù lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, iná bátìrì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí n tó sọ pé kí ló ṣẹlẹ̀, sítíárì ti le bíi ti lọ́rì ayé àtijọ́, AC wá ń fẹ́ ooru sí mi lójú. Mo rò pé bátìrì ni o. Mo ní ilé ò kúkú jìnnà mọ́, jẹ́ n rọra máa wà á lọ, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo bojú wo géèjì ooru, ó ti ń gun òkè lọ. Lára Corolla yìí, bẹ́líìtì kan ṣoṣo yẹn ló ń yí alternator tó ń fún bátìrì níná, òun ló ń yí pọ́ǹpù sítíárì àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC, pọ́ǹpù omi gan-an òun náà ló ń yí i, tó bá ti já, gbogbo wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ká ní mo wà á délé ni, ẹ́ńjìnnì á ti sè, ọ̀rọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tó jó là bá máa sọ níbí. Mo pa á, aládùúgbò mi kan wá fi okùn fà mí.

Mẹkáníìkì lọ síbi òkú ní ìlú wọn, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ni mo bá ní kí ló le ńbẹ̀. Mo mú èyí tó já dání, mo gba Gate lọ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, ọmọ ìsọ̀ gbé òun àti tuntun sọ́wọ́, ó wò ó fìrí, ó ní "bọ̀dá, ìkan náà ni." Mo sanwó.

Sunday ni mo ṣe é. Mo yọ orí bátìrì, mo fi jáàkì gbé iwájú lápá ọ̀tún, mo gbé igi sábẹ́ ẹ̀, mo yọ táyà ibẹ̀ àti ráọ́bà tó bo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, torí láti òkè nìkan ọwọ́ ò wọlé. Ìṣòro àkọ́kọ́: mi ò mọ bó ṣe ń gbà kọjá. Bẹ́líìtì tó já kò fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ féèyàn, àwòrán tó yẹ kó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, àwọn tó kun mọ́tò yìí kí n tó rà á ti kun ún mọ́lẹ̀. Google ni mo wò. Ohun tó sì yé mi níbẹ̀ ni pé púlì, ìyẹn àwọn kẹ̀kẹ́ roboto tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá, èyí tó bá ní ìlà, inú bẹ́líìtì ló ń jókòó sí i, èyí tó bá ń dán, ẹ̀yìn ẹ̀ ni. Sípánà 19 ni mo fi sí tẹ́ńṣọ́nà, èyí tó ń fa bẹ́líìtì kó má dẹ̀, ọmọ mi dì í mú, èmi ń kó o wọ púlì.

Kò wọ̀. Wákàtí kan ààbọ̀! Púlì tó kẹ́yìn ló kù, ó sì ku bí ìka méjì. Mo fà, mo bú u, ọwọ́ mi bó. Ìyàwó mi wá dúró sórí mi, ó ní "Bàbá wọn, ṣé kì í ṣe ti mọ́tò ẹlòmíì ni wọ́n tà fún yín?" Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo lọ fọ ti àtijọ́ mo ka ara ẹ̀. 6PK ni wọ́n kọ sí méjèèjì: 6 yẹn ni iye ìlà tó wà nínú ẹ̀, PK ni irú ìlà náà, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni gígùn ẹ̀ ní mìlímítà. Tuntun fi 40 kúrú sí tàtijọ́! Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, a kọ́kọ́ jà díẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi wọlé.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú oríire bọ̀dá, orí yín ló ní kẹ́ ẹ bojú wo géèjì yẹn. Camry ni tèmi, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC ló gan lójú ọ̀nà Ifẹ̀, kò yí mọ́, bẹ́líìtì ń fi ara gbo ó, òórùn ráọ́bà tó ń jó gba inú mọ́tò kan. Mẹkáníìkì tí wọ́n bá mi pè ní Ìkirè wá wá bẹ́líìtì kúkúrú, ó ní ká fo AC kọjá, ká máa lọ. Ó gbé mi délé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n "ká máa lọ" yẹn di ọdún méjì gbáko, èmi àtàwọn ìbejì ń yan nínú mọ́tò bí àgbàdo. Ìgbà tí èmi àti àbúrò mi wá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ nílé, èyí tí ìwé mọ́tò sọ ni mo rà, nígbà tá a gbé e sí i, ńṣe ló ń fì bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo ti gbàgbé pé wọ́n ti fo AC! Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọmọ Rewáyà

Iṣẹ́ yìí ni mò ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n Mọ́níyà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká fi ọṣẹ fún àwọn tó ń fọṣọ. Ẹ ṣáná sí i, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí apá inú tó ní ìlà bó ṣe ń yí, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ tàbí aṣọ yín súnmọ́ ọn o. Tí ariwo bá dákẹ́ díẹ̀ tó tún padà, púlì kan ni kò dúró gún. Tó bá tún wá le sí i, ó ń yọ̀ ni, ẹ wo tẹ́ńṣọ́nà. Kẹ́ ẹ sì má retí kó sán kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ti gbó, àwọn tòde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ sán mọ́, ńṣe ni ìlà wọn ń jẹ bíi ti táyà. Nígbà tẹ́ ẹ bọ́ ọ, ṣé ẹ fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan wò?

Ará Manchester

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ford Focus tí mo ń wà níbí, tẹ́ńṣọ́nà ò sí lára ibi bẹ́líìtì AC ẹ̀ rárá, bẹ́líìtì ọ̀hún fúnra ẹ̀ ló ń nà. Mo wá tẹ́ńṣọ́nà títí nínú òtútù, mo ń rò pé ẹnì kan ti jí i. Irin kékeré kan ni wọ́n fi ń tì í gun orí púlì, àtijọ́ sì rèé, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e dànù.

Awakọ̀ Mọ́níyà

Rewáyà, mi ò yí ìkankan wò o, ká má purọ́. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín ni mo tún bọ́ ọ lálẹ́ yìí. Ti alternator ń yí wọ́ọ́rọ́, ti pọ́ǹpù omi náà dáa, ìgbà tí mo dé orí ti tẹ́ńṣọ́nà ló ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, tó tún ń mì sọ́tùn-ún sósì. Bẹ́ríìnì inú ẹ̀ tó ń jẹ́ kó yí geere ti lọ. Ọjọ́ tí mo gbé bẹ́líìtì tuntun sí i, òun ni mo gbé e lé lórí! Sátidé ni mo tún ń lọ sí Gate. Tépù tí ìyàwó mi fi ń wọn aṣọ ti wà nínú àpò mi báyìí, òun fúnra ẹ̀ ò tíì mọ̀.