Kí ni kí n gbà kí n tó wọ wọ́ọ̀dù ibà Lassa?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Súrùlérè. Ọ̀gá wa ń gba orúkọ àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìyàsọ́tọ̀ bí ibà Lassa bá dé. Iṣẹ́ náà wù mí dénú, ṣùgbọ́n ọmọ mi ṣì ń mu ọmú. Ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ dá a láṣà. Ó rántí Ebola ọdún 2014 tó pa Dókítà Adadevoh àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn mìíràn l'Ékòó. Mo ti béèrè ìbọ̀wọ́, aṣọ ìdáàbòbò àti ìbánigbófò, "ó ń bọ̀" ṣáá ni wọ́n ń wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ni kí n gbà ní kíkọ sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.