Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú: ṣé màmá wa lè gbà á?

Ọmọ Òkè-Fíà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ kẹfà rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá wa l'Óṣogbo níbí. Wọ́n gé ọmú òsì, wọ́n yọ kókó abíyá, rọ́bà tó ń fa omi ṣì wà lára wọn. Ìjọ ti kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àìjẹ àìmu di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, màmá sì ní àwọn máa gbà á. Wọ́n tún fẹ́ fi òróró àdúrà pa ojú ọgbẹ́. Báwo la ṣe máa ṣe é tí ọkàn wọn ò fi ní bàjẹ́, tí ọgbẹ́ á sì jinná?

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbààwẹ̀ yìí. Oúnjẹ amúaradàgbà ni ara fi ń hun awọ tuntun. Ẹni tó bá wọn 60 kìlógíráàmù nílò bíi 70 sí 90 gíráàmù rẹ̀ lóòjọ́ lásìkò yìí, bẹ́ẹ̀ ẹyin kan ò ju bíi 6 lọ. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Oúnjẹ alẹ́ nìkan ò lè gbé e. Bí oògùn ìrora wọn bá sì jẹ́ ibuprofen tàbí diclofenac, ó lè dá egbò sí ikùn tó ṣófo.

Iwájú orí ni kí òróró mọ. Ìgò tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti kàn kì í mọ́, ojú ọgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ gbẹ.

Ní ti rọ́bà, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ da omi rẹ̀ sínú ife tó ní àmì mílílítà láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó dé e, ẹ tẹ bọ́ọ̀lù rẹ̀ pẹlẹbẹ, torí afẹ́fẹ́ tó jáde yẹn ló ń jẹ́ kó lè fa omi. Bí omi bá dá lójijì tí àyà wá ń wú, ẹ̀jẹ̀ dídì ló sábà máa ń dí i. Ọsibítù lọ́jọ́ náà ni.

Díákónì Ìgbóná
Ẹ bá màmá sọ ọ́ látinú Bíbélì. Nígbà tó rẹ Èlíjà débi pé ó ń tọrọ ikú, oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì gbé wá, ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní kó dìde, kó jẹun (1 Àwọn Ọba 19). Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20). Ẹ lọ bá pásítọ̀ kí ọjọ́ ààwẹ̀ tó pé. Kí ìjọ gbà á fún wọn. Jákọ́bù 5:14 ní kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà. Kí èèyàn méjì mẹ́ta wá gbàdúrà nílé, kó má pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ọwọ́ lé àyà wọn. Ìṣọ́ òru ṣì lè dúró.

Fisíò Ọjà-Ọba
Ẹ má gbàgbé apá òsì o. Kí wọ́n máa di ẹ̀ṣẹ́ kí wọ́n tún tú u, kí wọ́n máa ká ìgúnpá, ìgbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Bí wọ́n bá ń gbọ́wọ́ sókè nígbà ìyìn, kí tòsì má kọjá èjìká títí rọ́bà á fi jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìka máa gun ògiri díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó dé. Bí èjìká bá gan, wàhálà dé bí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ gba ìtànṣán (ìtọ́jú ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ) ní ọsibítù UCH n'Íbàdàn, torí òkè orí ni apá máa wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà.

Kókó tí wọ́n yọ ti dín ọ̀nà omi ara kù, apá lè wú kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí gbẹ́rẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìsìn, ọ̀tún ni kí wọ́n nà.

Ọmọ Òkè-Fíà
Olúwa á san yín lẹ́san rere. Pásítọ̀ ti gbà, ìjọ ló máa gbààwẹ̀ náà. Omi rọ́bà jẹ́ 60 mílílítà lánàá, 45 lónìí. Ṣé ká lọ yọ ọ́? Wọ́n tún ní kí màmá wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nọ́ọ̀sì Ayétòrò
Ó kù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń dúró dìgbà tó bá wà lábẹ́ 30 ní wákàtí 24, ọjọ́ méjì léraléra. Dókítà tiyín ni kó sọ ọ́. Bó bá yá jù, omi á kó jọ lábẹ́ awọ, wọ́n á tún máa fi abẹ́rẹ́ fà á.

Ní ti ẹ̀rí, kí wọ́n dúpẹ́ pé wọ́n bọ́ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láàyè, òótọ́ ni. Kí wọ́n má tíì sọ pé jẹjẹrẹ ti tán. Èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé ló máa sọ bóyá kẹ́mò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) tàbí tamoxifen (oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kó tètè padà) ló kàn, ojú sì máa ń ti ẹni tó ti jẹ́rìí láti padà sí kílíníìkì. Ẹ bèèrè èsì náà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì.