Ẹ gbà mí o: bakitéríà ẹnu tó ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní Ifẹ̀ níbí ni. Mo fi òwú ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo fọ sẹ́ẹ̀lì tó bá a jáde, mo wá da Streptococcus salivarius (bakitéríà kan tó ń gbé ẹnu) lé e ní 37°C. Ní pH 7 (ìyẹn nígbà tí kò sí ásíìdì), wọ́n bò ó bí eṣinṣin ṣe ń bo egbò. Ní pH 5, tí ásíìdì ti wà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣé ara bakitéríà ni ásíìdì yí padà ni, àbí ara sẹ́ẹ̀lì?

Iná tún ń lọ ṣáá (ẹ ṣáà mọ̀ wá), ooru á sì já wálẹ̀. Ooru máa ń dín irun tín-tìn-tín tí Porphyromonas gingivalis (bakitéríà ẹnu mìíràn) fi ń dì mọ́ nǹkan kù tó bá pọ̀ jù. Ṣé ti Streptococcus náà rí bẹ́ẹ̀?

Itọ́ ńkọ́? Ó lè so wọ́n di ìṣù, kíka iye tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì á sì dàrú. Ẹ dákun, ṣé kí n fi sí i, àbí omi oníyọ̀ nìkan ti tó?